Ẹ̀rọ ìsáré ìtọ́jú nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ eré ìmárale

Ẹ̀rọ ìsáré ìtọ́jú ni àwọn treadmill tí a ṣe fún ẹni tí ìrìn ti di ìṣòro fún: ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀, tàbí eléré ìdárayá tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sán. Bíi ti treadmill yòókù, bẹ́líìtì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, ènìyàn sì ń rìn tàbí ń sáré lójú kan. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn kan lè gbé apá kan ìwúwo ara kúrò lórí ẹsẹ̀, àwọn kan lè mú ẹsẹ̀ kan yára ju èkejì lọ, àwọn mìíràn sì lè bá aláìsàn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìṣísẹ̀ dé ìṣísẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò sí ní ilé-ìwòsàn nìkan mọ́. Wọ́n ti wà nínú yàrá ìwádìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì tí ó ń kọ́ni ní físíotẹ́rápì àti ní ìmọ̀ eré ìmárale, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ń wádìí ohun tí ìmárale ń ṣe sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, iṣan àti eegun. Wíwọlé wọn ti sọ ìbéèrè kan di pàtàkì láàárín àwọn olùkọ́: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe aláìsàn lóore? Ìbéèrè náà wúwo, nítorí àwọn ìwádìí tí ó tóbi jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ń mú aláìsàn padà rìn.

Ìtàn

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ ìsáré kò dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1818, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Cubitt ṣe kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gùn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn tí kò lópin. Ní àwọn ẹ̀wọ̀n kan ó ń lọ ọkà, ní àwọn mìíràn ó ń fa omi, ní àwọn tí ó kù kò ṣe nǹkan kan bí kò ṣe kí ó fìyà jẹ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 1898 ni ó la ọ̀nà fún píparẹ́ rẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ náà ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1889, Nathan Zuntz, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìlú Berlin, ń fi ẹ̀rọ ìsáré wádìí bí ẹṣin ṣe ń mí àti bí ó ṣe ń lo agbára nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìsáré ti di ohun èlò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní Amẹ́ríkà, yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Harvard Fatigue Laboratory, tí ó wà ní Yunifásítì Harvard láti 1927 títí di 1947, lo ẹ̀rọ ìsáré láti mọ bí ara ṣe ń fara da iṣẹ́, ooru àti ibi gíga. Àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fọ́n ká lọ sí àwọn yunifásítì mìíràn, wọ́n sì gbé àṣà yàrá ìwádìí eré ìmárale lọ́wọ́ lọ.

Ní 1952, ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, dókítà ọkàn Robert Bruce àti onímọ̀ ẹ̀rọ Wayne Quinton mú ẹ̀rọ ìsáré wọ inú ìṣègùn. Ṣáájú wọn, dókítà tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkàn ṣe ń ṣe lábẹ́ iṣẹ́ sábà máa ń ní kí aláìsàn gun àtẹ̀gùn kékeré kan kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ léraléra. Ìlànà tí Bruce fi lélẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé: aláìsàn bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan, lórí ìdagẹ̀rẹ̀ ìdá 10 nínú 100, eré àti ìdagẹ̀rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta títí tí ó fi rẹ̀ ẹ́ tàbí tí àmì ewu fi hàn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ eré ìmárale tí kì í pàdé ìlànà yìí.

Láti àyẹ̀wò dé ìtọ́jú

Bruce fi ẹ̀rọ ìsáré mọ àìsàn ni. Kò fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Èrò pé ẹ̀rọ náà lè kọ́ ènìyàn ní ìrìn padà wá láti ibi tí a kò retí, láti ara ológbò. Ní 1911, Thomas Graham Brown fi hàn pé bí a bá gé ọ̀pá ẹ̀yìn ológbò kúrò lọ́wọ́ ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn náà ṣì lè dá ìṣísẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ọpọlọ nìkan ni ó ń darí ìrìn; àwọn iṣan ìmọ̀lára inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní ìlù tiwọn tí wọ́n ń lù. Ní 1987, Hugues Barbeau àti Serge Rossignol ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà ròyìn pé àwọn àgbà ológbò tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti gé padà rìn lórí ẹ̀rọ ìsáré lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, nígbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ gbé ìdí wọn ró.

Gbígbé ìdí ró yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ológbò kò lè gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ènìyàn náà kò sì lè gbé e. Ní Montreal àti ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Anton Wernig àti Sabine Müller ti tẹ àbájáde tiwọn jáde ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbànú àti okùn gbé apá kan ìwúwo aláìsàn, kí wọ́n sì máa dín ìrànlọ́wọ́ náà kù bí agbára rẹ̀ ṣe ń padà bọ̀. Ní 1998, ẹgbẹ́ kan tí Barbeau wà nínú rẹ̀ pín àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ 100 sí ọ̀nà méjì. Àádọ́ta rìn lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn tí ó ń gbé ìwúwo wọn, ó pọ̀ jù ìdá 40 nínú 100. Àádọ́ta yòókù gbé gbogbo ìwúwo ara wọn. Àwọn tí a ràn lọ́wọ́ ni ó rìn dáadáa jù nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí. Àbájáde yìí mú kí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ra ẹ̀rọ, àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní bí a ṣe ń lò ó.

Àwọn oríṣi ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ alókùn ni ó lọ́jọ́ lórí jù. Ìgbànú fífẹ̀ yí àyà àti ìbàdí aláìsàn ká, okùn so ó mọ́ apá irin tí ó wà lókè orí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ aláìsàn bá rọ pátápátá, ẹnì kan á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì láti máa fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ náà, nígbà mìíràn ẹnì kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹta á sì dúró lẹ́yìn láti di ìbàdí mú. Iṣẹ́ agbára ni, ó sì ń dun ẹ̀yìn àwọn tí ń ṣe é.

Ìnira yẹn ni ó bí ẹ̀rọ onírọ́bọ́ọ̀tì. Èyí tí ó lókìkí jù ni Lokomat, tí Gery Colombo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Zurich ní ilẹ̀ Switzerland, tí ilé-iṣẹ́ Hocoma sì ń tà. Apá irin tí kọ̀ǹpútà ń darí ni ó ń gbé itan àti ojúgun aláìsàn ní ìṣísẹ̀ tí kò yí padà.

Ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì méjì yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Bẹ́líìtì ọ̀tún àti ti òsì ń sáré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìwádìí kan tí Darcy Reisman, Amy Bastian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n fi ẹ̀rọ yìí mú kí ìtiro àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ le sí i fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá bẹ́líìtì méjèèjì padà sí eré kan náà, ìṣísẹ̀ àwọn aláìsàn náà dọ́gba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ọpọlọ wọn ti ṣe àtúnṣe sí àṣìṣe tí ẹ̀rọ pọ̀ sí i. Àǹfààní náà kì í pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀ ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó lẹ́wà jù tí olùkọ́ lè fi han akẹ́kọ̀ọ́: a mú àrùn burú sí i, ara sì tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀rọ alátẹ́gùn

Ẹ̀rọ alátẹ́gùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AlterG nítorí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ tà á káàkiri, wá láti inú ìwádìí òfúrufú. Robert Whalen ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Ames ti àjọ NASA ní California. Ìṣòro tí ó wà níwájú rẹ̀ ni pé eegun àti iṣan àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú ń joro, nítorí kò sí ìwúwo lórí ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀. Ó rò ó pé a lè fi agbára afẹ́fẹ́ fa ara wọn mọ́ bẹ́líìtì. Bí a bá yí èrò kan náà padà, afẹ́fẹ́ lè gbé ará ayé kúrò lórí bẹ́líìtì. (Àwọn tí ó wà nínú ibùdó òfúrufú àgbáyé títí di òní ń fi okùn tí ó ń fà so ara wọn mọ́ ẹ̀rọ ìsáré tiwọn, kí wọ́n má bàa léfòó lọ.) Ọmọ rẹ̀, Sean Whalen, dá ilé-iṣẹ́ AlterG sílẹ̀ ní 2005, ní 2008, FDA, àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fàyè gba ẹ̀rọ náà fún ìtọ́jú. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ ReWalk Robotics ra AlterG.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò díjú. Aláìsàn wọ ṣòkòtò péńpé kan tí ó fún mọ́ ara, tí síìpù yí etí ìbàdí rẹ̀ ká. Ó wọ inú àpò ńlá kan tí ó bo ẹ̀rọ ìsáré, wọ́n sì fi síìpù so ṣòkòtò náà mọ́ ẹnu àpò kí afẹ́fẹ́ má lè jáde. Ẹ̀rọ wọn ìwúwo rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò. Afẹ́fẹ́ inú àpò lágbára ju ti ìta lọ, nítorí náà ó ń ti ara lọ sókè láti ibi ìbàdí. Ìwúwo tí ẹsẹ̀ ń gbé lè dín kù títí dé ìdá 20 nínú 100, olùtọ́jú sì lè yí i padà ní ìdá kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

Agbára afẹ́fẹ́ tí èyí gbà kéré ju bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sábà ń rò. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹni tí ó wúwo kìlógíráàmù 70 ṣe àpẹẹrẹ. Láti gbé ìdajì ìwúwo rẹ̀, a nílò agbára tí ó tó nǹkan bíi newton 343. Bí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í bá fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà onígun mẹ́rin, afẹ́fẹ́ inú àpò kò ní láti ju ti ìta lọ ju pascal 3,430 lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní nǹkan bíi pascal 101,000. Àlékún bíi ìdá 3 ààbọ̀ nínú 100 ti tó láti gbé ìdajì àgbàlagbà.

Ẹ̀rọ yìí ní àǹfààní méjì lórí okùn. Okùn ń fún àyà àti abẹ́ itan, kò sì rọrùn láti sáré nínú rẹ̀; afẹ́fẹ́ ń pín agbára rẹ̀ káàkiri, apá sì wà lófìfo láti máa jù. Àléébù tirẹ̀ náà wà: nítorí àpò bo ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ kan orúnkún aláìsàn tàbí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ ẹni tí ó ti lè gbé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ.

Nínú yàrá ẹ̀kọ́

Ohun tí ó rọrùn jù láti kọ́ ni bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí a ṣe ń mú un ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń mú eré pọ̀, àti ibi tí bọ́tìnnì pupa ìdádúró wà. Ohun tí ó ṣòro ni mímọ ìdí tí a fi ń tẹ bọ́tìnnì kan.

Ẹ̀kọ́ náà sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Ẹgbẹ́ American College of Sports Medicine ní ìlànà kan tí a fi ń fojú bu ọ́síjìn tí ara ń lò lórí ẹ̀rọ ìsáré. Fún ìrìn, a ó sọ eré di mítà ní ìṣẹ́jú kan, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.1, a ó tún sọ eré náà di púpọ̀ pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ àti 1.8, a ó wá ro méjèèjì pọ̀, a ó sì fi 3.5 kún un, èyí tí ó dúró fún ohun tí ara ń lò nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ìpele kìíní ti Bruce, tí eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 46 ní ìṣẹ́jú kan lórí ìdagẹ̀rẹ̀ 0.10, yóò fún wa ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní mílílítà 16 ọ́síjìn fún kìlógíráàmù kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ààbọ̀ ti ẹni tí ó jókòó. Fún aláìsàn ọkàn, ó lè pọ̀ jù láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà yìí kò ṣeé gbára lé bí aláìsàn bá di ọ̀pá ìdìmú mú. Ọwọ́ tí ó dì mú ń gbé apá kan ìwúwo, ọ́síjìn tí ara ń lò gan-an sì kéré sí èyí tí ìṣirò sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kíyè sí ọwọ́ yóò rò pé aláìsàn lágbára ju bí ó ṣe rí lọ. Nínú ẹ̀rọ alátẹ́gùn, ìlànà náà kò bá a mu mọ́ rárá, nítorí a ti gbé ìwúwo tí ó rọ̀ mọ́ kúrò. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rọ tuntun ti wúlò jù fún ẹ̀kọ́: ó ń fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ìlànà, dípò kí ó kàn fi nọ́ńbà rọ́pò nọ́ńbà.

Alena Grabowski àti Rodger Kram ní Yunifásítì Colorado ní Boulder fi èyí hàn kedere ní 2008. Wọ́n ní kí àwọn asáré sáré nínú ẹ̀rọ alátẹ́gùn ní oríṣiríṣi eré àti oríṣiríṣi ìwúwo, wọ́n sì wọn agbára tí ilẹ̀ fi ń ta ẹsẹ̀ àti agbára tí ara ń lò. Wọ́n rí i pé ẹni tí a dín ìwúwo rẹ̀ kù lè sáré kíákíá sí i, kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, nígbà tí ohun tí ń gbá eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ dín kù. Lórí ilẹ̀ lásán, ohun méjèèjì jọ ń lọ ni: bí eré bá pọ̀, ìgbá pọ̀. Ẹ̀rọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Eléré ìdárayá tí eegun ojúgun rẹ̀ ń san lè pa èémí rẹ̀ mọ́ títí eegun yóò fi jinná.

Ewu wà nínú èyí náà. Ìrora ni ó máa ń sọ fún asáré pé kí ó dúró. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé ìwúwo rẹ̀, ìrora lè dákẹ́ kí eegun tó jinná. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ láti wá ìwọ̀n ìwúwo tí ìrora ti ń lọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa dá ìwúwo padà díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ìwé tí ó ń kọ yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ, nítorí òun ni ẹni tí yóò gba aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kà.

Ààbò kò gbẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ náà. Kí aláìsàn tó gun ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá ju 200 lọ tàbí ti ìsàlẹ̀ ju 110 lọ nígbà tí ó wà ní ìsinmi, ìdí wà láti dúró kí a fi tó dókítà létí. Lórí ẹ̀rọ, bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni nọ́ńbà òkè yẹ kí ó máa gòkè. Bí ó bá ń wálẹ̀, ọkàn lè máa ṣàárẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ máa wo ojú ẹ̀rọ débi tí kò ní rí ojú aláìsàn tí ó ti ṣá.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ìwádìí tí ó ṣe pàtàkì jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní LEAPS, tí Pamela Duncan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ 408 ní Amẹ́ríkà ni ó kópa. Ẹgbẹ́ kìíní bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ alókùn ní oṣù méjì lẹ́yìn àìsàn wọn; ẹgbẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kẹta kò gun ẹ̀rọ rárá: oníṣẹ́ físíotẹ́rápì ń lọ bá wọn nílé láti kọ́ wọn ní ìmárale fún agbára iṣan, ìnara àti ìdúróṣinṣin, láti oṣù kejì. Gbogbo wọn gba ìgbà 36, ìṣẹ́jú 90 nígbà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọdún kan pé, ìdá 52 nínú 100 gbogbo àwọn tí ó kópa ni ìrìn wọn ti dára sí i dé ìpele tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣeé tọ́ka sí. Àwọn tí ó gun ẹ̀rọ ní òòyì ju àwọn tí ó wà nílé lọ, àti láàárín àwọn tí ìrìn wọn bàjẹ́ gidi, àwọn tí ó tètè gun ẹ̀rọ ni ó ṣubú léraléra jù.

Àwọn kan ka èyí sí pé ẹ̀rọ kò wúlò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìwádìí náà sọ. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jàǹfààní, títí kan àwọn tí ó dúró di oṣù kẹfà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà tẹ́lẹ̀ pé ara kò lè sunwọ̀n mọ́. Ohun tí ó jọ pa wọ́n pọ̀ ni ìtọ́jú tí ó pọ̀, tí ó létò, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ń ṣàkóso rẹ̀, tí ó sì ń le sí i bí agbára ṣe ń padà. Ìwádìí mìíràn tí George Hornby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Chicago, tí ó jáde ní 2008, tún fi kún un: láàárín àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ tí ó ti lè rìn díẹ̀, ìrìn àwọn tí ènìyàn fi ọwọ́ ràn lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ yára sí i ju ti àwọn tí rọ́bọ́ọ̀tì ràn lọ́wọ́ lọ. Àlàyé tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé rọ́bọ́ọ̀tì ń gbé ẹsẹ̀ yálà aláìsàn gbìyànjú tàbí kò gbìyànjú, nígbà tí olùtọ́jú ń fi ọwọ́ rẹ̀ mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ náà ti fẹ́ gbéra, ó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Fún yunifásítì tí ó ń ná owó ńlá lórí ẹ̀rọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ẹ̀rọ bá gba àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ìbá fi kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ iṣan, bí a ṣe ń wo ìrìn láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, àti bí a ṣe ń kọ́ aláìsàn nílé rẹ̀, àwọn aláìsàn tí kò ní gun irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láé ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí a bá sì lò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìwọ̀n tí ń fi ohun tí ojú kò rí hàn, ojú akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú sí i.

Ní Nàìjíríà

Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní físíotẹ́rápì fún oyè ní 1966. Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Rọpárọsẹ̀ sì wà lára àwọn àìsàn tí àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀ ń pàdé nígbà gbogbo.

Iná mànàmáná ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ rò níbẹ̀. Bí iná bá lọ lórí treadmill lásán, bẹ́líìtì dúró, aláìsàn sì lè ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bí ó bá lọ lórí ẹ̀rọ alátẹ́gùn, ohun tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà dúró, ìwúwo tí a ti gbé kúrò sì ń padà sórí ẹsẹ̀ tí kò tíì lè gbé e. Bátìrì tí ó lè gbé ẹ̀rọ náà títí aláìsàn yóò fi sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe àfikún níbi tí iná kò ti dúró. Ara ẹ̀rọ ni.

Àyẹ̀wò tí kò nílò iná wà pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ títẹ́jú tí ó gùn ní mítà 30, àga méjì mẹ́ta, aago, àti ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń kà. Àwọn ìlànà tí ẹgbẹ́ American Thoracic Society gbé jáde ní 2002 tilẹ̀ sọ pé kí a má fi treadmill rọ́pò ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, nítorí aláìsàn kò lè fúnra rẹ̀ yan eré tí yóò máa rìn lórí bẹ́líìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe àyẹ̀wò yìí kí ìtọ́jú lórí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọ̀ bóyá ohun tí aláìsàn jèrè lórí bẹ́líìtì tẹ̀ lé e dé orí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Káàkiri ayé, wọ́n ń fi òṣùwọ̀n tí Gunnar Borg ti ilẹ̀ Sweden ṣe, tí ó lọ láti 6 dé 20, béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bí iṣẹ́ ṣe le tó lára rẹ̀. Nọ́ńbà kan rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ yé ẹni tí a ń bi. Lédè Yorùbá, “ó rẹ̀ mí” lè túmọ̀ sí pé agbára ẹni ti tán, ó sì lè túmọ̀ sí pé ara ẹni kò yá. Ìdáhùn àkọ́kọ́ mú ìsinmi wá. Èkejì lè jẹ́ ìdí láti pe dókítà. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dín eré bẹ́líìtì kù kí ó sì tún bi wọ́n léèrè: ṣé ẹsẹ̀ ni, ṣé èémí ni, àbí àyà ni ó ń dùn yín, mà?